Ẹ̀sùn Lórí Àròkọ Kejì: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ Ìmọ̀ Ìṣèlú

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ ti dé ìdajì, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan kọ̀wé ẹ̀sùn sí olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì rẹ̀. Ó ní olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣèlú fi máàkì du òun nítorí pé èrò òun kò bá tirẹ̀ mu. Àròkọ kìíní tí ó kọ nínú ẹ̀kọ́ náà mú máàkì 72 nínú 100 wá fún un. Èkejì, èyí tí ó ní òun ṣe làálàá lé lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò mú ju 46 lọ. Gbólóhùn kan nínú ìwé náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: "Kì í ṣe máàkì kékeré ni ó ń dùn mí, bí kò ṣe pé mo mọ ohun tí ó fà á." Olórí ẹ̀ka gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, olùfisùn ni mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. N kò dárúkọ àwọn yòókù bákan náà.

Ẹ̀kọ́ náà kò yàtọ̀ sí irú rẹ̀ tí a ń rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì. Apá kìíní rẹ̀ dá lórí ìpìlẹ̀ èrò nípa ìjọba: kí ni ìjọba, ta ló fún un láṣẹ, kí ló dé tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Apá kejì jẹ́ àfiwé àwọn orílẹ̀-èdè, tí a ti ń kọ́ nípa ìwé òfin, ilé aṣòfin, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìdìbò. Apá kẹta, tí kò kan ẹjọ́ yìí, wà fún àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó pọ̀ sí gbọ̀ngàn ńlá láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pín sí kíláàsì ìjíròrò kéékèèké lábẹ́ àwọn igbákejì olùkọ́, níbi tí máàkì wà fún ẹni tí ó bá ń dá sí ọ̀rọ̀. Kí á fi máàkì ìdásí-ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ó lọ́wọ́ nínú wàhálà náà ju bí ẹ̀ka ṣe kọ́kọ́ gbà lọ.

Olùfisùn kì í ṣe ẹni tí ìṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé. Kí ó tó wọ yunifásítì ni ó ti wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ń béèrè pé kí a yí ìlànà ìdìbò padà, kí iye àga tí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ní nílé aṣòfin lè bá iye ìbò tí wọ́n dì fún un mu. Ó kàwé ju ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nínú kíláàsì ìjíròrò, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ nawọ́, igbákejì olùkọ́ tí ń darí kíláàsì náà sì sọ fún wa láìfi bò pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tí ibẹ̀ ì bá pa lọ́lọ́. Máàkì tí ó fún un fún ìdásí-ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Àròkọ kìíní béèrè bóyá ó di dandan kí ènìyàn gbọ́ràn sí ìjọba tí kò lọ́wọ́ nínú yíyàn rẹ̀. Olùfisùn gbé èrò Thomas Hobbes kalẹ̀, ẹni tí ó kọ̀wé ní 1651 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ogun abẹ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì gbà pé ìjọba tí ó le koko sàn ju kí ìjọba má sí rárá. Ó wá fi John Locke kò ó lójú, ẹni tí ó ní ìfọwọ́sí àwọn tí a ń ṣàkóso ni ìpìlẹ̀ àṣẹ. Ó gbè sẹ́yìn Locke, ó sì fèsì sí ohun tí Hobbes ì bá wí. Olùkọ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "O mọ ibi tí o dúró sí, o sì mọ ìdí rẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí irú ọ̀rọ̀ ìwúrí báyìí gbà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yóò tún gba ọ̀nà kan náà lọ nígbà mìíràn, ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè àròkọ kejì lọ báyìí: "Ìlànà ìdìbò ni ó ń pinnu iye ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń rọ́wọ́ mú ní orílẹ̀-èdè. Jíròrò." Ẹni tí ó bá jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Maurice Duverger, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ìbéèrè yìí gùn lé. Ní 1951, Duverger sọ pé níbi tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan nìkan ni yóò wọlé, ẹgbẹ́ méjì ni yóò sábà máa jẹ gàba lórí ìṣèlú ibẹ̀. Ohun méjì ni ó ní ó ń fà á. Èkíní ni pé ìṣirò fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹgbẹ́ kékeré níyà, nítorí ìbò tí ó fọ́n káàkiri kì í di àga. Èkejì ni pé nígbà tí àwọn olùdìbò bá ti rí èyí, wọn yóò máa sá fún ẹgbẹ́ kékeré náà kí ìbò wọn má baà ṣòfò.

Olùfisùn kọ ojú ìwé mẹ́jọ. Ohun tí ó fi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sọ ni pé ìlànà ẹni-tí-ìbò-rẹ̀-pọ̀-jù jẹ́ ìrẹ́jẹ, àti pé pípín àga ní ìbámu pẹ̀lú iye ìbò ni ó tọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó kó jọ. Ní ojú ìwé kẹta, ó mú àpẹẹrẹ ìdìbò New Zealand ti 1981 wá, níbi tí ẹgbẹ́ Social Credit ti gba ìbò tí ó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì jẹ́ àga 2 péré nínú 92 ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Nínú ìdìbò yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò ju ẹgbẹ́ National lọ, síbẹ̀ National ni àga rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà ni ó sì ṣèjọba. Olùfisùn fa ìlà sábẹ́ 2 àti 92, ó kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá rí ìṣirò yìí tí ó ṣì ń gbèjà ìlànà náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, olùkọ́ fi bírò pupa kọ ọ́ pé: "Òótọ́ ni. Kí ni ó sọ nípa iye ẹgbẹ́?" Ní òpin ìwé, gbólóhùn méjì péré ni ó wà lókè máàkì 46: "Èrò rẹ nìyí. Ẹ̀rí dà?"

Lójú tèmi, gbólóhùn méjì yìí ni ó bí ẹ̀sùn náà. Ẹni tí ó ti wá ìṣirò 1981 rí, tí wọ́n wá ń bi pé ẹ̀rí dà, yóò gbà pé wọn kò ka ìwé òun tàbí pé wọ́n kà á pẹ̀lú ìkórìíra. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ì bá jẹ́ pé ó fi ìlà méjì sí i ṣàlàyé rẹ̀. Ìṣirò 1981 yẹn fi hàn pé apá kan nínú ohun tí Duverger sọ dájú: ìlànà náà jẹ ẹgbẹ́ kékeré níyà gidigidi. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ìbéèrè dìde sí apá kejì, nítorí bí àwọn olùdìbò bá ń sá fún ẹgbẹ́ kékeré lóòótọ́, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé ẹnì kan nínú olùdìbò márùn-ún ṣì dìbò fún ẹgbẹ́ tí kò rí ju àga méjì gbà? Ìdáhùn sí ìbéèrè náà wà lọ́wọ́ olùfisùn. Ìdájọ́ ni ó fi ṣe, kò fi ṣàlàyé.

Nígbà tí ó fara hàn níwájú wa, a bi í léèrè ohun tí ó mú kí ó gbà pé olùkọ́ kórìíra èrò òun, nígbà tí olùkọ́ náà kò tíì sọ ibi tí ó fì sí rí. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Jámánì. Ní ọjọ́ náà, olùkọ́ fi odidi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ìtàn ìjọba Weimar, ìyẹn ìjọba àwa-ara-wa Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, níbi tí ìbò 60,000 ti ń fún ẹgbẹ́ kankan ní àga kan, tí ẹgbẹ́ sì pọ̀ nílé aṣòfin débi pé ìjọba kan kì í pẹ́ kí ó tó ṣubú, títí Hitler fi gorí àlééfà ní 1933. Nípa Netherlands, tí wọ́n ti ń pín àga ní ìbámu pẹ̀lú iye ìbò láti 1918, tí ilé aṣòfin oníjókòó 150 rẹ̀ sì ń gba ẹgbẹ́ kéékèèké wọlé wẹ́rẹ́ láìsí pé ìjọba àwa-ara-wa wó níbẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ ni olùkọ́ sọ. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ Weimar ni olùfisùn ti kọ ọ́ pé: "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà a pe olùkọ́. Ó ní òun kì í gbè sẹ́yìn ìlànà ìdìbò kankan nínú kíláàsì, òun sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ó rán wa létí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Max Weber, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe ní Munich ní 1917, níbi tí Weber ti sọ pé iwájú kíláàsì kì í ṣe ibi tí olùkọ́ ti ń polongo ìṣèlú, nítorí pé àwọn tí ó jókòó síwájú rẹ̀ kò láǹfààní láti dá a lóhùn. Weimar, ó ní, kò ju àpẹẹrẹ lọ: ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kedere nígbà tí kò bá sí òdiwọ̀n kankan, ìyẹn iye ìbò tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè rí àga gbà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé àwọn ará Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì fi òdiwọ̀n ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dènà ẹgbẹ́ kéékèèké. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fi èrò ara rẹ̀ pamọ́ pátápátá kò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ à ń wá a kiri. Wọn yóò máa ka iye ìṣẹ́jú tí ó lò lórí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò máa wo ibi tí ó ti rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fi ṣe ẹ̀rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ti pinnu ní tiwọn pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ fara mọ́, ohun tí ó sì pa wá lẹ́rìn-ín ni pé ìpinnu wọn kò dọ́gba: àwọn kan ní ọ̀rẹ́ ìlànà àtijọ́ ni, àwọn mìíràn fi àáké kọ́rí pé alátùn-únṣe ni.

Ẹ̀sùn ojúsàájú kò ṣòro láti yẹ̀ wò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. A kó àròkọ mélòó kan jọ nínú èyí tí olùkọ́ ti gba máàkì lé lórí, a yọ orúkọ àti máàkì kúrò lára wọn, a kó wọn fún olùkọ́ mìíràn tí kò mọ̀ nípa ẹjọ́ náà. Ti olùfisùn wà lára wọn. Bákan náà ni a mọ̀ọ́mọ̀ fi àròkọ kan sí i tí ó yin ìlànà ẹni-tí-ìbò-rẹ̀-pọ̀-jù láti òkè dé ilẹ̀, tí ó ní òun ni ó ń mú ìjọba tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá. Bí olùkọ́ bá ń ṣègbè fún ìlànà yẹn gẹ́gẹ́ bí olùfisùn ti wí, ó yẹ kí òǹkọ̀wé yìí ti jèrè rẹ̀. Máàkì 43 ni olùkọ́ ti fún un. Olùkọ́ kejì kò yà kúrò ní máàkì ẹni àkọ́kọ́ ju díẹ̀ lọ lórí ìwé èyíkéyìí, àwọn tí ó jẹ́ ìdájọ́ lásán ni ó sì wà nísàlẹ̀, ìlànà yòówù kí wọ́n gbè lẹ́yìn.

Èyí tí ó gba máàkì jù láàárín wọn wá láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tí ó mú ẹ̀kọ́ náà nítorí pé àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì àkókò rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ìṣèlú kò wu òun. Kíkà àròkọ rẹ̀ kò dùn rárá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó to Íńdíà àti Kánádà sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ti ń wọlé, tí ẹgbẹ́ sì ju méjì lọ. Ó to Malta sí òdìkejì, níbi tí ìlànà ti fàyè gba ẹgbẹ́ púpọ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì ni ó ń pín agbára láàárín ara wọn láti ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ Duverger kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nípa Íńdíà ni pé ẹgbẹ́ tí ó kéré lójú orílẹ̀-èdè lè jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá ní agbègbè tirẹ̀, àti pé ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí á ka iye ẹgbẹ́, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ náà lápapọ̀. Kò sọ ìlànà tí ó sàn jù, nítorí wọn kò bi í.

Ibí yìí ni kókó ẹjọ́ náà wà. Ìbéèrè àròkọ kìíní jẹ́ ìbéèrè nípa ohun tí ó yẹ. Ti èkejì jẹ́ ìbéèrè nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ń fà á. Ìmọ̀ ìṣèlú gba àwọn méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dá ọ̀rọ̀ òdodo àti àṣẹ mọ́ kúrò nínú ìṣèlú kí ohun tí ó kù tó nǹkan. Àmọ́ ọgbọ́n tí a fi ń dáhùn ọ̀kan kọ́ ni a fi ń dáhùn èkejì. Nínú ti àkọ́kọ́, yíyan ibi tí a dúró sí ni iṣẹ́. Nínú ti èkejì, ẹni tí ó bá ti yan ibi tí ó dúró sí kí ó tó wo ẹ̀rí ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀kọ́ náà kọjá láti ibi kan sí ìkejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé òfin eré ti yí padà. "Jíròrò" kan náà ni ó wà lábẹ́ ìbéèrè méjèèjì. Ìwé ìlànà ìgba-máàkì wà, ó sì mọ́ kedere, torí ó ju ìdajì máàkì lọ tí a yà sọ́tọ̀ fún àfiwé orílẹ̀-èdè àti àlàyé ohun tí ó fa ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn igbákejì olùkọ́ nìkan ni a fún.

Kíláàsì ìjíròrò tún wá dá kún un. Níbẹ̀, ohun tí a kì í fẹ́ lórí ìwé ni a ń san máàkì fún: kí ènìyàn dìde, kí ó gbè sẹ́yìn ohun kan, kí ó sì jà fún un. Ẹni tí wọ́n ń yìn fún ìwà kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè mọ̀ pé ìwà náà ni yóò kó bá òun ní ọjọ́ Ẹtì.

Ìpinnu wa kò gba ohùn kan. Gbogbo wa gbà pé kò sí ojúsàájú. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kí á gbé máàkì olùfisùn sókè díẹ̀ nítorí àṣìṣe ẹ̀ka. Àwa méjì yòókù kọ̀, nítorí pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni wọn kò fi ìwé ìlànà hàn, kì í ṣe òun nìkan. Dípò èyí, a ní kí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì tí ó bá fẹ́ lè tún àròkọ kejì kọ lẹ́yìn tí ó bá ti ka ìwé ìlànà náà, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà lọ máa sọ bóyá àlàyé ni a ń fẹ́ tàbí ìdájọ́, kí olùkọ́ tí ó bá sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tí kò tó 50 kọ ohun tí ì bá ṣe sílẹ̀ fún un, kì í ṣe ohun tí kò ṣe nìkan.

Olùkọ́ àti olùfisùn pàdé níwájú wa lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Olùfisùn ní, "Ẹ má bínú, sà, ìlànà wo gan-an ni ẹ̀yin fara mọ́?" Olùkọ́ ní, "Bi mí lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá." Ó wá fi ìka sí 2 àti 92 tí olùfisùn fa ìlà sí lábẹ́, ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Ilẹ̀ yẹn yí ìlànà rẹ̀ padà. Lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iye ẹgbẹ́."

Olùfisùn lọ wò ó lóòótọ́. Nínú àròkọ tí ó tún kọ, ó ṣàlàyé pé àwọn ará New Zealand dìbò ní 1993 láti fi ìlànà àdàlù rọ́pò ti àtijọ́, èyí tí ó mú kí iye àga bá iye ìbò mu, àti pé ìdìbò àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀ wáyé ní 1996. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó wà nílé aṣòfin lẹ́yìn ìdìbò 1993. Ó di mẹ́fà lẹ́yìn ti 1996. Ẹlòmíràn ì bá dúró síbẹ̀ kí ó ní ọ̀rọ̀ Duverger ti ṣẹ. Olùfisùn kíyè sí i pé àwọn ẹgbẹ́ tuntun náà, Alliance, New Zealand First, ACT àti United, ni wọ́n ti dá sílẹ̀ láàárín 1991 sí 1995, ṣáájú ìdìbò àkọ́kọ́ lábẹ́ ìlànà tuntun, tí a sì ti dá méjì nínú wọn sílẹ̀ kí aráàlú tó fọwọ́ sí i. Ó wá béèrè bóyá ìlànà ni ó bí ẹgbẹ́, tàbí bóyá fífọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ ti ń fọ́ ni ó mú kí ìlànà yí padà. Kò rí ìdáhùn tí ó pé, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ṣì ní ìlànà àtijọ́ jẹ́ ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé, "Èyí kì í ṣe apá kan ìdáhùn." Olùkọ́ kò fa ìlà sí i. Ó fún un ní 68.

Ó yọ ẹ̀sùn ojúsàájú kúrò, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti yọ ohun tí ó kọ nípa Weimar, àwa náà kò sì rọ̀ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ ti lágbára jù. Olùkọ́ ti tún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tò, ó sì ti fún Netherlands ní àyè tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti Jámánì. Ohun tí ẹ̀ka kò tíì yanjú ni máàkì ìdásí-ọ̀rọ̀. Àwọn igbákejì olùkọ́ kan fẹ́ kí á pa á rẹ́. Àwọn mìíràn ní bí a bá pa á rẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì mọ́. Àbá kan sì wà níwájú ìpàdé ẹ̀ka pé kí á máa pín ìhà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbèjà fún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó má lè yan èyí tí ó ti fara mọ́ tẹ́lẹ̀.